Ẹ Yé Kọ́ Òṣìṣẹ́ Ní Ẹ̀bẹ̀ Níwájú Fèrèsé Físà

Òwò kan wà tí ó ń gbilẹ̀ láàárín wa báyìí, tí kò ní ìsọ̀, tí kò sì ní àkọlé lẹ́nu ọ̀nà. Ìdáhùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà iṣẹ́ ní kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà yóò kọ́kọ́ sanwó, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ìbéèrè àti ìdáhùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: bí wọ́n bá bi ọ́ báyìí, ohun tí o ó wí nìyí. Wọn yóò kọ́ ọ ní bí a ti ń dúró, bí a ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọ̀ ẹ̀wù tí òyìnbó fẹ́ràn, àti ohùn ìrẹ̀lẹ̀ tí a fi ń dáhùn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bá fi parí, ẹni tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Houston láti ọdún mẹ́rin wá, tí ó ń san owó orí fún ìjọba ibẹ̀, yóò ti di atọrọjẹ lójú ara rẹ̀ kí ó tó dé Victoria Island rárá.

Ẹ̀kọ́ burúkú ni. Ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, ó ń gba iyì lára wọn, ó sì lè fa ìjákulẹ̀ gan-an tí wọ́n sanwó láti sá fún. Ṣùgbọ́n n kò ní dá àwọn tí ń ta á lẹ́bi tán kí n wá fi ojú fo àwọn tí ó kọ́ ọjà náà fún wọn. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó kọ́ ọ, ìjọba tiwa sì fi òkúta lé e.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń wí. Físà iṣẹ́ tí mo ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní H-1B, tí òfin ọdún 1990 gbé kalẹ̀ fún àwọn iṣẹ́ tí ó nílò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀: iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìṣègùn, ìṣirò owó, iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Lọ́dọọdún, àyè 65,000 ni òfin fi sílẹ̀, pẹ̀lú 20,000 mìíràn fún àwọn tí ó gba oyè kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà. Àwọn tí ń béèrè máa ń pọ̀ ju àyè lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń kọ̀wé béèrè, òun ni ó ń san owó rẹ̀, òun ni ó sì ń fọwọ́ sí i pé iye báyìí ni òun yóò máa san lówó oṣù. Bí ìjọba bá gbà, wọn yóò fún un ní ìwé ìfọwọ́sí tí à ń pè ní I-797. Ọdún mẹ́ta ni ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọdún mẹ́fà, àyàfi fún ẹni tí ọ̀nà ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá ti jìnnà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé kò mọ̀ ni pé ìwé ìfọwọ́sí yìí yàtọ̀ sí físà. Físà ni bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ewé ìwé ìrìnnà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní òǹtẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gbé ọ dé ẹnu ibodè lọ. Ẹni tí ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, tí ó rí iṣẹ́ níbẹ̀, tí agbanisíṣẹ́ sì bá a yí ipò rẹ̀ padà sí ti òṣìṣẹ́, lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láìní òǹtẹ̀ H-1B kankan nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Kò rú òfin kankan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá jáde kúrò ní ilẹ̀ náà, kò ní lè padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, kò ní lè padà sí ilé tí ó háyà tàbí sọ́dọ̀ ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ní ilé-ìwé, àfi bí òṣìṣẹ́ kọ́ńsúlétì kan bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lẹ bébà náà mọ́ ọn.

Kí ni yóò wá mú un jáde? Ìgbéyàwó àbúrò lè dúró de ọdún mìíràn. Ìsọmọlórúkọ, a lè wò ó lórí fóònù. Ikú òbí ni kò ní sùúrù. Yorùbá ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wá lára. Ẹ bi àwọn ará wa tí ó wà ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland. Àwọn kan wà nínú wọn tí ó jókòó sí yàrá ní òru, tí wọ́n ń wo pósí ìyá wọn lórí fóònù, tí ẹlòmíràn ń bu erùpẹ̀ sí i dípò wọn, nítorí pé wọn kò mọ̀ bóyá àwọn yóò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ bí àwọn bá lọ. Ìwé iṣẹ́ wọn pé. Òǹtẹ̀ ni kò sí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí di oṣù keje ọdún 2004, òṣìṣẹ́ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti kú lè fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè ti Amẹ́ríkà láti inú Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì tún un ṣe fún un láìwọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí wọ́n fi pa á tì ni pé òfin tí ó jáde lẹ́yìn ìkọlù ọdún 2001 ní kí wọ́n máa tẹ ìka gbogbo ẹni tí ń gba físà, wọ́n sì ní àwọn kò ní ètò ìtẹ̀ka fún un nínú ilé. Ìdí náà lè bọ́gbọ́n mu ní ọdún yẹn. Lónìí ńkọ́? Ìjọba kan náà ń tẹ ìka àwọn àjèjì ní pápákọ̀ òfuurufú, ó sì ń tẹ ìka àwọn tí ń wá ìwé ìgbélùú ní àwọn ìlú ńláńlá rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n dán ọ̀nà àtijọ́ yẹn wò. Láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní, wọ́n ṣí àyè 20,000 sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ H-1B láti tún físà wọn ṣe láìkúrò nílé. Ẹ wo ẹni tí wọ́n pè: àwọn tí ó gba físà wọn ìṣáájú ní Kánádà tàbí ní Íńdíà láàárín àwọn àkókò kan pàtó. Ẹni tí ó gba tirẹ̀ ní Èkó kò sí lára wọn. Àgádágodo kejì tún wà lára ilẹ̀kùn náà. Wọ́n ní ẹni tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá wà lára àwọn tí ń san owó àfikún lórí físà kò lè wọlé. Nàìjíríà ti wà lára irú wọn rí, láti ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí Amẹ́ríkà mú owó náà kúrò.

Báwo ni a ṣe dé ibẹ̀? Nígbà náà, ìjọba wa ń gba owó físà lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ju iye tí Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ wa lọ. Ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 ni àwọn ti ń bá Àbújá sọ ọ́, wọ́n ní oṣù 18 kọjá kò sí ìyípadà. Ìgbà tí wọ́n wá gbé owó àfikún tiwọn jáde, tí ti H-1B sì jẹ́ dọ́là 180 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ wa sáré dín tiwọn kù. Ẹ rántí èyí nígbà tí àwọn olóṣèlú bá tún ń sọ pé àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ni wúrà wa.

Ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ wá gbóná. Ní oṣù keje, Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ jùlọ físà tí kì í ṣe ti ìgbélùú tàbí ti aṣojú ìjọba tí àwọn yóò máa fún ọmọ Nàìjíríà yóò jẹ́ oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà lára wọn, tí ó bá wọlé, tí ó sì tún jáde, ọ̀dọ̀ kọ́ńsúlétì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n gba àǹfààní tí ó jẹ́ kí àwọn kan lè tún físà gbà láìfojú kan ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà ni Ààrẹ Trump fi owó 100,000 dọ́là lé orí ìbéèrè H-1B tuntun. Kò kan ẹni tí ìwé rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìkéde náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò mọ ẹni tí ó kàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò kàn. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ni wọ́n ti ń yẹ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ H-1B àti ìdílé wọn ń kọ sórí ìkànnì ìbáraẹnisọ̀rọ̀ wò, tí wọ́n sì ní kí wọ́n ṣí ojú ewé wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí ó jáde ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ́ kí ẹ tún gbọ́. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ lè gba ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Kánádà, ní Mẹ́síkò tàbí ní Ákírà, níbi tí ìlà bá ti kúrú. Wọ́n wá ní kí oníkálukú lọ sí orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ ọmọ rẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè tí ó ń gbé. Ó dára. Níbo ni òṣìṣẹ́ tí ń gbé Houston ń gbé? Amẹ́ríkà ni. Kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà mélòó ni ó wà ní Amẹ́ríkà? Kò sí ẹyọ kan. Àṣàyàn méjì ni wọ́n fi síwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì kò sì sí láyé yìí.

Tí ó bá wá dé Èkó, tí ó tò sí Walter Carrington Crescent, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. (Orúkọ aṣojú Amẹ́ríkà tí ó dúró ti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní ayé Abacha ni òpópónà náà ń jẹ́. Ìjọba Abacha ti kọ́kọ́ yí orúkọ rẹ̀ kúrò ní Eleke Crescent sí ti Louis Farrakhan láti fi bú Amẹ́ríkà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò mú kí ìlà náà kúrú.) Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìjíròrò náà ń gbà. Bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì bá kọ̀, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà kì í sábà yẹ ìpinnu rẹ̀ wò. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn tún un sọ ní oṣù kẹfà ọdún 2024 nínú ẹjọ́ Muñoz, níbi tí obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà gan-an ti pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí físà ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì ní kò ní ẹ̀tọ́ tí òfin lè dáàbò bò nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ọmọ onílé kò bá rí ẹjọ́ rò, kí ni ti àlejò?

Níbi tí kò bá sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ẹ̀rù ni yóò jọba. Ibi tí ẹ̀rù bá sì ti jọba ni àwọn tí ń ta ìdáhùn ti ń jẹun.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jùlọ nínú ọjà wọn ni ìdáhùn ìpadàbọ̀. "Sọ fún wọn pé o ní ilẹ̀ sí Mọ́wé. Sọ pé ìwọ ni àkọ́bí, pé oyè ìdílé ń dúró dè ọ́. Jẹ́ kí ó hàn pé o ó padà wálé." Ìmọ̀ràn yìí lè wúlò fún ẹni tí ń lọ ṣe àbẹ̀wò. Abala 214(b) nínú òfin wọn ní kí òṣìṣẹ́ kọ́ńsúlétì ka àlejò sí ẹni tí ó fẹ́ lọ dó sí Amẹ́ríkà títí àlejò náà yóò fi fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n abala kan náà yọ H-1B sílẹ̀. Láti ọdún 1990 ni òfin ti gbà pé òṣìṣẹ́ H-1B lè máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó sì máa wá ìwé ìgbélùú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìdí tí yóò fi máa búra nípa ìpadàbọ̀. Ẹni tí wọ́n bi pé kí ni iṣẹ́ rẹ, tí ó ń fi ilẹ̀ Mọ́wé dáhùn, ti sọ fún ẹni tí ń bi í pé òun kò mọ irú físà tí òun wá gbà. Èyí tí ó burú jù ni pé ó ti ń purọ́ lórí ohun tí kò sí ẹni tí ó bi í. Ó wù ú láti dúró sí Amẹ́ríkà, òfin gbà á láàyè láti fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn olówò yìí wá kọ́ ọ ní irọ́ tí kò nílò.

Ìwé bánkì tún ńkọ́? Àwọn kan ń yá owó sínú àkáǹtì fún ọjọ́ mélòó kan kí ìwé náà lè wú. Fún físà iṣẹ́! Agbanisíṣẹ́ ti fọwọ́ sí iye tí yóò máa san. Ìwé owó oṣù oṣù mẹ́ta àti ìwé owó orí tí wọ́n ń pè ní W-2 ń sọ̀rọ̀ ju àkáǹtì àwìn lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sí ayédèrú gidi: ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ tí ó ti kógbá sílé, ìwé ìdánilójú tí ọ̀gá kankan kò kọ. Abala 212(a)(6)(C)(i) ni ó yẹ kí wọ́n kọ sára ògiri yàrá tí wọ́n ti ń tẹ ìwé náà. Ẹni tí ó bá fi irọ́ tàbí ayédèrú wá físà lórí ohun tí ó kan kókó ọ̀rọ̀, wọn yóò tì í síta títí ayé, àfi bí wọ́n bá ṣe ojú àánú sí i lọ́jọ́ kan. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké: àwọn tí ń ra èké yìí kì í mọ iye tí ó jẹ́ títí wọn yóò fi jókòó síwájú fèrèsé, ẹni tí ó tà á fún wọn kì í sì í bá wọn débẹ̀.

N kò bá àdúrà jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ sórí òkè, kí ó gbé e lọ, kí àlùfáà àti àáfà jọ fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kí ó ka fọ́ọ̀mù rẹ̀ kí ó tó lọ.

Fọ́ọ̀mù DS-160 ni mo ń wí. Ohun tí ó wà níwájú ẹni tí ń bi yín léèrè nìyẹn, ẹ̀yin ni ẹ sì fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọkùnrin kan ní káfé ni ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé agbanisíṣẹ́ mu, iye owó oṣù gbọ́dọ̀ bá ti ìwé I-797 àti ẹ̀bẹ̀ tí agbanisíṣẹ́ kọ mu. Láti ọdún 2019 ni ó ti ń béèrè àwọn orúkọ tí ẹ lò lórí ìkànnì ìbáraẹnisọ̀rọ̀ láàárín ọdún márùn-ún, nítorí náà ẹ má fi èyí tí ẹ ti gbàgbé sílẹ̀. Nọ́ńbà tí ó wà lórí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ fi gba ọjọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ti sọ ní Nàìjíríà pé ẹni tí méjèèjì kò bá bára mu kò ní wọlé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà, tiwa gan-an sì ni. Mélòó nínú wa ni orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lórí ìwé WAEC, ìwé yunifásítì, ìwé àgùnbánirọ̀ àti ìwé ìrìnnà? Ẹni tí wọ́n bí sí Fábùnmi ti di Olúbùnmi nígbà tí ìdílé gba Jésù. Obìnrin ti fi orúkọ ọkọ rọ́pò ti bàbá. Akọ̀wé ilé-ìwé ti jẹ lẹ́tà kan nínú orúkọ kan láti ọdún 1998. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyíkéyìí. Ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ àti ìkéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn ni kí ẹ mú lọ́wọ́, kí ẹ sì lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ bí orúkọ náà ṣe yí padà. Àwọn olówò ìdáhùn kì í dárúkọ èyí, nítorí pé kò sí owó nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kó fún wa nílé sì lè di ìdènà níwájú gíláàsì yẹn. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í tẹjú mọ́ àgbà. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀, pé bí a bá ṣe ohun ńlá, a ó ní "Ọlọ́run ni ó ṣe é" tàbí "a kàn ń gbìyànjú ni." Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn mẹ́wàá ń lò yóò sọ pé "iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ni, àwa kan ni a jọ ń ṣe é." Ní ààfin, ìrẹ̀lẹ̀ ni èyí. Lójú òṣìṣẹ́ kọ́ńsúlétì tí kò mọ̀ wá rí, ẹni tí ó ń wo ilẹ̀ ni ẹni tí ó ń fi nǹkan pamọ́, ẹni tí ó ní "àwa" ni ẹni tí kò mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àwọn tí ń kọ́ni ní ẹ̀bẹ̀ wá tún fi ìtẹríba lé ìtẹríba.

Mo ní kí ẹ máa sọ "èmi." Ìdáhùn tí ó dára kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ohun tí mo kà tí ó fi jẹ́ pé èmi ni wọ́n mú. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yá fún ilé-iṣẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí tábìlì rẹ̀ wà àti ẹni tí ń fún un ní iṣẹ́ ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè ti sábà máa ń pọ̀. Ẹ má há a sórí. Ẹni tí ó bá há a sórí, bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà díẹ̀, yóò dákẹ́ bí ẹni tí iná kú mọ́ lójú. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jùlọ kò ní owó nínú: ẹ jókòó ti àbúrò ìyá yín tí kò mọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi Yorùbá sọ iṣẹ́ yín fún un. Bí ó bá lè sọ ọ́ padà fún yín, ẹ ti múra tán.

Kí ẹ tún mọ̀ pé wọ́n lè fún yín ní bébà tí abala 221(g) wà lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ ìwé kan sí i tàbí pé wọ́n ṣì ń wádìí. Kò tíì parí, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Ẹni tí ó gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá láti wá sìnkú bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bá agbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé kí ó tó gbéra pé òun lè pẹ́, kí wọ́n sì jọ mọ̀ bóyá òun lè ṣiṣẹ́ láti ibí. Ìwé tí agbanisíṣẹ́ kọ ní oṣù yẹn gan-an, tí ó sọ pé iṣẹ́ náà ṣì wà, ni kí ó wà lókè gbogbo ìwé yòókù.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé onílé ni, pé Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ń wọlé. Mo gbà. N kò sọ pé kí wọ́n má béèrè. Wọn yóò tún ní àwa ni a fa á, pé àwọn ará wa ni wọ́n ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ń dúró ọdún méjì, pé ayédèrú wa ti pọ̀ jù. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn náà, ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn olówò wa. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ H-1B tí mo ń sọ kò sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba Amẹ́ríkà mọ ilé rẹ̀, ó mọ ọ̀gá rẹ̀, ó mọ iye owó oṣù rẹ̀ àti iye owó orí tí ó yọ níbẹ̀. Ó ti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò kí ó tó fọwọ́ sí ìwé I-797. Kí ni òṣìṣẹ́ tí ó wà ní Èkó fẹ́ rí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí nínú fáìlì ọdún mẹ́rin? Bí ìbéèrè bá kù, kí wọ́n pè é sí ọ́fíìsì wọn ní Houston kí wọ́n bi í níbẹ̀.

Àbújá ni ó kàn láti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ. A ní mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, a ní àjọ tí ó wà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń bẹ lókè òkun. Nígbà tí wọ́n bá jókòó pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà, físà àwọn ọ̀gá ìjọba ni kí wọ́n fi sẹ́yìn fún ọjọ́ kan. Kí wọ́n béèrè ohun kan.  Nígbà tí Amẹ́ríkà bá tún ṣí àyè fún títún físà ṣe nínú ilé, kí àwọn tí ó gba tiwọn ní Èkó àti ní Àbújá wà nínú ẹni tí wọn yóò pè. Ìka wọn ti wà nínú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ wọlé.